Ẹ́ńjìnnì Onísílíńdà Kan ní Abúlé Ẹ̀gbá: Ìtàn Ìsapá Ènìyàn láti Fi Agbára Kún Alùpùpù

Àwọn àgbà a máa wí pé asárétete kò rí oyè jẹ, arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò mú oyè délé. Ẹni tí ó bá wádìí ìtàn alùpùpù ní ilẹ̀ Yorùbá yóò rí i pé òwe yìí bá ìtàn náà mu gidigidi. Láti ọjọ́ tí a ti kọ́kọ́ de ẹ́ńjìnnì mọ́ ara kẹ̀kẹ́ ni ọmọ aráyé ti ń wá ọ̀nà tí yóò gbà mú kí ẹ́ńjìnnì náà dára ju bí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ti fi sílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ni dídára jẹ́? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Jámánì, eré sísá ni ìdáhùn àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà fún ìgbà pípẹ́. Ní Abúlé Ẹ̀gbá, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, ìdáhùn mìíràn ni àwọn ènìyàn fún ìbéèrè náà: kí ó lè ru ẹrù, kí ó má tètè bàjẹ́, kí ó má sì jẹ epo jù. Kò sí ẹni tí ó fún ìdáhùn kejì yìí ní àmì-ẹ̀yẹ rí. Síbẹ̀ ọgbọ́n ńlá ni, ó sì yẹ kí ìtàn rẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀.

Abúlé Ẹ̀gbá àti Àyíká Rẹ̀

Orúkọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ ìtàn: abúlé ni í ṣe nígbà kan rí, orúkọ àwọn Ẹ̀gbá ni a sì fi pè é. Ilẹ̀ oko ni gbogbo agbègbè Agége tí ó wà nítòsí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, kòkó àti obì ni a fi mọ Agége. Níbẹ̀ ni Jacob Kẹ́hìndé Coker àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá oko kòkó ńláńlá, ọ̀nà irin tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 sì gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn oko ni ilé iṣẹ́ dé. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ìkẹjà wà lábẹ́ rẹ̀ kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ, àwọn ilé iṣẹ́ sì rọ́ wọlé. Dunlop ṣe táyà níbẹ̀ títí di ọdún 2008. Ní apá kejì, ní Ọ̀tà, ilé iṣẹ́ Honda ti ilẹ̀ Japan fi ìdí múlẹ̀ ní ọdún 1979, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí to alùpùpù ní ọdún 1981.

Báyìí ni Abúlé Ẹ̀gbá ṣe bọ́ sí àárín, Ìkẹjà ní iwájú, Ọ̀tà ní ẹ̀yìn. Oko di ilé, ilé di àdúgbò, àdúgbò sì fẹ̀ ju ọ̀nà rẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ dé ẹnu iṣẹ́ kí agogo tó lù, ìyá ọlọ́jà tí ó fẹ́ gbé àpò gààrí wọ inú àdúgbò tí mọ́tò kò lè wọ̀ ní àkókò òjò, ọmọ ilé ìwé tí bọ́ọ̀sì já sílẹ̀ ní títì, gbogbo wọn ń fẹ́ ohun ìrìnnà tí ó tín-ín-rín, tí ó lágbára, tí kò sì wọ́n. Alùpùpù onísílíńdà kan ni ó bá wọn pàdé.

Orúkọ Tí Yorùbá Sọ Ẹ̀rọ Náà

Yorùbá fetí sí ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Bí a bá pe "alùpùpù", ìró ni a ń pè: pù, pù, pù, bí ìgbà tí a ń lu nǹkan lálùtúnlù. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè ṣe àkíyèsí pé ìró ẹ́ńjìnnì onísílíńdà kan ni èyí. Nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ìjóná kan yóò kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, etí yóò gbọ́ ọ, kí òmíràn tó tẹ̀lé e. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin kì í lu pùpù. Híhùn ni í máa ń hùn bí oyin. Nítorí náà, orúkọ tí àwọn baba fún ẹ̀rọ yìí ti pa irú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ mọ́ fún wa.

Ní àwọn ibòmíràn, "màṣíìnnì" ni wọ́n ń pè é. Orúkọ kẹta, "ọ̀kadà", kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1983, Gabriel Igbinedion dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kan sílẹ̀, ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀, Okada, pè é. Nígbà tí alùpùpù akérò wá pọ̀ ní ìgboro, tí ó ń gba àárín sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kọjá bí ẹni ń fò, àwọn ènìyàn fi orúkọ ọkọ̀ òfurufú náà dá a lápàárá. Ọkọ̀ òfurufú náà ti kógbá sílé. Orúkọ kò tíì kú.

Bí Ẹ́ńjìnnì Náà Ti Ń Ṣiṣẹ́

Ní ọdún 1876, Nikolaus Otto ní Jámánì ṣe ẹ́ńjìnnì tí ń gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rin. Ní ìgbésẹ̀ kìíní, písítínì sọ̀kalẹ̀ nínú sílíńdà, ó fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé. Ní èkejì, ó gòkè, ó fún wọn pọ̀. Ní ẹ̀kẹta, pọ́lọ́ọ̀gì ṣẹ́ná, epo gbiná, ó sì ti písítínì lọ sísàlẹ̀ tagbáratagbára. Ní ẹ̀kẹrin, písítínì tún gòkè, ó lé èéfín jáde. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan ṣoṣo ni ó ń mú èrè wá. Ó dàbí ọlọ́jà tí ń pàtẹ ní ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ti ìgbà àtijọ́: èrè ọjọ́ kan náà ni yóò fi bọ́ ọjọ́ mẹ́ta yòókù.

Ní ọdún 1885, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach gbé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ sí ara kẹ̀kẹ́ onígi. Sílíńdà kan ṣoṣo ni ó ní, àyè inú rẹ̀ jẹ́ cc 264, agbára rẹ̀ kò sì ju ìdajì agbára ẹṣin kan lọ. Láti ìgbà náà ni gbogbo ẹni tí ó fẹ́ fi agbára kún ẹ́ńjìnnì ti ní ọ̀nà mẹ́rin níwájú rẹ̀. Ó lè mú kí afẹ́fẹ́ àti epo tí ń wọlé pọ̀ sí i. Ó lè fún wọn pọ̀ jù ti àtẹ̀yìnwá lọ kí wọ́n tó gbiná. Ó lè mú kí ẹ́ńjìnnì máa yára yí. Ó sì lè dín ìwúwo àti ìfarakanra irin kù, kí agbára tí ó wà nílẹ̀ má baà ṣòfò. Àwọn ìyókù, ẹ̀ka àwọn mẹ́rin wọ̀nyí ni.

Ọ̀nà Àwọn Asárétete

Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1907, a sá eré ìje alùpùpù kan ní erékùṣù Man, tí ó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland. Ẹ̀ka méjì ni eré náà ní. Charlie Collier, tí ó gun alùpùpù Matchless onísílíńdà kan, borí nínú ẹ̀ka tirẹ̀. Ìwọ̀n eré rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí máìlì 38 ní wákàtí kan, èyí sì ju ti ẹni tí ó borí nínú ẹ̀ka onísílíńdà méjì lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà pé sílíńdà kan, bí ọwọ́ ọ̀gá bá tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ohun àfojúdi.

Ọgbọ́n ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹfà ọdún 1937, Wal Handley gun alùpùpù BSA Empire Star onísílíńdà kan ní pápá ìsáré Brooklands. A ti ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní àkànṣe, ọtí líle ni a sì rọ sínú rẹ̀ dípò epo pẹtiróòlù. Ó yí pápá náà po ní eré tí ó ju máìlì 100 lọ ní wákàtí kan, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ìràwọ̀ wúrà. Láti ara àmì yìí ni ilé iṣẹ́ BSA ti mú orúkọ Gold Star tí ó sọ alùpùpù rẹ̀ ní ọdún 1938.

Ọ̀rọ̀ ọtí yìí ní ìdí. Bí a bá fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ jù, pẹtiróòlù a máa gbiná ṣáájú àkókò rẹ̀, a ó máa gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ nínú ẹ́ńjìnnì, písítínì a sì lu. Ọtí, ní tirẹ̀, a máa tu inú sílíńdà lára, ó sì gba ìfúnpọ̀ púpọ̀ mọ́ra. Èyí fi hàn pé àtúnṣe Brooklands kì í ṣe ti irin nìkan. Irin, epo àti ojú ọ̀nà ni wọ́n jọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan nínú mẹ́ta náà, tí ó fi méjì sílẹ̀, ìdá kan ọgbọ́n ni ó mú.

Ẹ̀ka kejì nínú ìdílé ẹ́ńjìnnì onísílíńdà kan ni èyí tí ń gbé ìgbésẹ̀ méjì péré, tí a ń po òróró mọ́ epo rẹ̀, tí èéfín rẹ̀ sì máa ń funfun lẹ́yìn. Kò ní fáàfù bí ti ìṣáájú. Ihò tí a dá sí ara ògiri sílíńdà ni ó ń gbà mí. Ìlú kékeré kan ní Jámánì, Zschopau, ni orísun ọgbọ́n rẹ̀. Níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ DKW ti ṣe alùpùpù RT 125 ní ọdún 1939. Nígbà tí Jámánì pàdánù ogun ní 1945, àwọn tí ó ṣẹ́gun kó àwòrán ẹ̀rọ náà gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Láti ara rẹ̀ ni BSA ti ṣe Bantam ní ọdún 1948, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ṣe tiwọn. Yamaha ní Japan pẹ̀lú wo àwòṣe yìí nígbà tí ó ń ṣe alùpùpù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1955.

Ní Zschopau kan náà, lábẹ́ orúkọ tuntun MZ, ọ̀gá kan tí ń jẹ́ Walter Kaaden fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí sàlẹ́ńsà. Ó rí i pé ìró tí ń jáde lára ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ méjì lè padà bí gbohùngbohùn, kí ó sì ti epo tí ó fẹ́ sá jáde padà sínú sílíńdà, bí a bá mọ bí a ó ti fẹ sàlẹ́ńsà náà kí a tó tún fún un. Nígbà tí ó di ọdún 1961, ẹ́ńjìnnì rẹ̀, cc 125 péré, ń mú agbára ẹṣin 25 jáde. Ní ọdún náà gan-an ni Ernst Degner, tí ń gun alùpùpù MZ, sá kúrò lọ́dọ̀ wọn níbi eré ìje kan ní Sweden, ó sì mú ọgbọ́n náà lọ sí Japan. Ní ọdún 1962, ó fi alùpùpù Suzuki gba ipò kìíní ní àgbáyé nínú ẹ̀ka cc 50. Kò sí ẹni tí ó rò nígbà náà pé ọmọ ìdílé Suzuki yóò di ohun ìgùn aláàárù ní Agége.

Ọ̀nà Àwọn Arìngbẹ̀rẹ̀

Ọ̀gá mìíràn ní Japan ti yan ọ̀nà tirẹ̀. Ní ọdún 1946, lẹ́yìn ogun, Soichiro Honda rí àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké tí àwọn ọmọ ogun fi ń fún ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ní iná. Ó de wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere, ó sì kọ́kọ́ fi ike omi gbígbóná ilé rẹ̀ ṣe táńkì epo. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ojú ọ̀nà gan-an ni èyí: ohun tí ó wà nílẹ̀ ni ó fi ṣe ohun tí kò sí. Ilé iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní ọdún 1948 mú alùpùpù Super Cub jáde ní ọdún 1958. Nígbà tí ó di ọdún 2017, iye tí a ti ṣe nínú irú rẹ̀ ti pé mílíọ̀nù 100.

Ohun tí ó kan ìtàn Abúlé Ẹ̀gbá jù ni alùpùpù CG125, tí Honda mú jáde ní àárín àwọn ọdún 1970. Àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ náà lọ wo bí a ti ń lo alùpùpù wọn ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ń gòkè àgbà. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó ni ín kì í tètè pààrọ̀ òróró ẹ́ńjìnnì, kì í fọ asẹ́ afẹ́fẹ́, ó sì ń gbé ẹrù tí ó wúwo ju ti inú ìwé lọ. Ẹlòmíràn ìbá bú oníbàárà. Honda tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Wọ́n yọ ṣéènì tí ń yí ọ̀pá fáàfù lókè kúrò, wọ́n fi ọ̀pá títì rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní ohun àtijọ́. Wọ́n padà sẹ́yìn kí wọ́n lè tẹ̀ síwájú. Bí ó bá jẹ́ ti eré ni, CG kò lè bá ọmọ ìyá rẹ̀ CB dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ ti pípẹ́ ni, ó borí. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ní China ṣe àfarawé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ó sì tàn ká ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Iṣẹ́ Inú Ìsọ̀ Mẹkáníìkì

Ní ọdún 1986, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé mú kí iye náírà já lulẹ̀. Mọ́tò tuntun di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ojú rí tí ọwọ́ wọn kò tó. Alùpùpù wá di ọkọ̀, gígùn rẹ̀ sì di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Honda, Suzuki àti Yamaha ni a kọ́kọ́ mọ̀; lẹ́yìn náà ni Jincheng ti China dé pẹ̀lú irú AX100 tí ó jẹ́ àwòṣe Suzuki, lẹ́yìn rẹ̀ sì ni Bajaj ti India. Gbogbo wọn, sílíńdà kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè máa rìn kí ìsọ̀ mẹkáníìkì má pọ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà, àti ní agbègbè Ìkẹjà àti Agége, àti káàkiri Èkó.

Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá wọ irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní rí ìwé kan kà. Yóò fi epo fọ irin, yóò mọ orúkọ irinṣẹ́, yóò máa wo ọwọ́ ọ̀gá fún ọdún mélòó kan títí tí ọ̀gá yóò fi gbàdúrà fún un ní ọjọ́ ìgbòmìnira. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò mọ̀ ni bí a ti ń fi etí mọ àrùn. Bí ríìngì bá ti jẹ, èéfín yóò rí bí aró tàbí kí ó funfun, ẹ́ńjìnnì kò sì ní lè gun òkè. Bí fáàfù bá ń jò, ìró rẹ̀ yóò máa já lẹ́nu.

Àtúnṣe tí ó lókìkí jù ni ríbọ̀. Nígbà tí sílíńdà bá ti jẹ, a óò gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ léètì, yóò gbẹ́ inú rẹ̀ kí ó tún lè ṣe roboto, a óò sì fi písítínì tí ó tóbi díẹ̀ sí i. Ìpele mẹ́rin ni ó wà: ìdá mẹ́rin mìlímítà kan, ìdajì, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, àti mìlímítà kan gbáko. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà gbà pé ríbọ̀ ń sọ ẹ́ńjìnnì di alágbára ju ti tuntun lọ. Ẹ jẹ́ kí ìṣirò dá ẹjọ́ náà. Inú sílíńdà CG125 fẹ̀ ní mìlímítà 56.5, písítínì sì ń rin mìlímítà 49.5, àyè inú rẹ̀ jẹ́ cc 124. Bí a bá gbẹ́ ẹ dé ìpele ìkẹyìn, tí ó fẹ̀ tó 57.5, àyè náà yóò di cc 128.5. Èrè rẹ̀ kò pé mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, agbára tí ọlọ́kadà ń rí lẹ́yìn ríbọ̀ kì í ṣe agbára tuntun. Agbára àtijọ́ tí ó ti ń jò lọ láti ẹ̀gbẹ́ ríìngì ni a dá padà fún un. Ọ̀gá tí ó mọ èyí kì í ṣe ìlérí asán fún oníbàárà.

Àtúnṣe kejì kò kan inú ẹ́ńjìnnì rárá, òun ni ó sì bá ilẹ̀ wa mu jù. Kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré kan wà ní iwájú tí ń fa ṣéènì. Bí eyín rẹ̀ bá jẹ́ 15, tí a sì fi oní-14 rọ́pò rẹ̀, ipá tí yóò dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, eré tí ẹ́ńjìnnì lè sá ní ìyíra kan náà yóò sì dín kù ní nǹkan bí ìwọ̀n kan náà. Ọkùnrin tí ń gbé àpò ìrẹsì méjì gba inú ẹrọ̀fọ̀ kò nílò máìlì 60 ní wákàtí kan. Ohun tí ó ń wá ni kí ẹ̀rọ rẹ̀ má kú sí àárín òkè. Ẹ̀rọ kan náà tí ará Brooklands ìbá fi ìyẹ́ kún, òun fi apá kún un.

Àwọn àtúnṣe kan wà tí ó jẹ́ àṣìṣe, kò sì yẹ kí ìtàn bo wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan a máa yọ asẹ́ afẹ́fẹ́ kúrò kí ẹ́ńjìnnì lè mí dáadáa. Ó ń mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku ni ó ń mí sínú, eruku sì ni ọ̀tá ríìngì. Àwọn mìíràn a máa lu sàlẹ́ńsà ní ihò kí ariwo lè pọ̀. Lórí ẹ́ńjìnnì onígbésẹ̀ méjì, èyí ni àṣìṣe tí ó ga jù, nítorí pé lára sàlẹ́ńsà gan-an ni Kaaden ti rí agbára tí ó fi gba ipò níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó lu ú ti lé gbohùngbohùn tí ìbá ràn án lọ́wọ́ jáde. Ariwo kọ́ ni agbára. Àgbá òfìfo náà a máa dún. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń fá orí sílíńdà kí ìfúnpọ̀ lè ga ń gbàgbé pé Handley kò lo pẹtiróòlù. Orí tí a fá fún ọtí, tí a wá rọ pẹtiróòlù sí, písítínì rẹ̀ kì í pẹ́ lu.

Ohun Tí Agbára Ń Béèrè

Gbogbo àtúnṣe ni ó ní owó tí a óò san fún un. Bí ìwọ̀n eré alùpùpù bá ti kìlómítà 60 di 72 ní wákàtí kan, ó dàbí ẹni pé ìdá kan nínú márùn-ún péré ni a fi kún un. Ṣùgbọ́n agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa kí ó tó dúró ti fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Bíréèkì náà ni ti tẹ́lẹ̀, táyà náà ni ti tẹ́lẹ̀, orí ènìyàn sì ni ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi dandan lé àṣíborí ní oṣù Kìíní ọdún 2009, ìròyìn tàn ká àgbáyé nípa àwọn ọlọ́kadà kan ní Nàìjíríà tí wọ́n dé igbá sórí láti fi tan ọlọ́pàá. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà korò. Ọ̀gá mẹkáníìkì tí ó bá mọ iṣẹ́ a máa tún bíréèkì ṣe kí ó tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, nítorí pé ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ ní eré sísá gbọ́dọ̀ kọ́ ọ ní ìdúró.

Epo pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀ ní ibẹ̀, ìtàn ẹkún sì ni. Páìpù epo gba abẹ́ ilẹ̀ Abúlé Ẹ̀gbá kọjá. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, epo tí ń tú jáde láti ojú ibi tí a ti lu páìpù náà gbiná níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbọ́n ọn. Àwọn tí ó kú ju 200 lọ. Ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tí kò jẹ epo púpọ̀ ní àdúgbò náà kò sọ ọ̀rọ̀ eré. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pẹ̀lú, tí ìjọba ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo tí iye rẹ̀ sì ti fò sókè, kìlómítà mélòó ni a lè fi lítà kan rìn ti di ìbéèrè àkọ́kọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ tún kabúrétọ̀ ṣe.

Òfin náà ti yí ipò ẹ̀rọ yìí padà. Ní ọdún 2012, òfin ojú pópó Ìpínlẹ̀ Èkó lé alùpùpù akérò kúrò ní ọ̀nà 475. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ìjọba kà á léèwọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkẹjà sì wà lára wọn. Wọ́n tún fi ẹsẹ̀ òfin náà múlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022. Àwọn alùpùpù afilẹ́tàránṣẹ́ tí ó tó cc 200 ni a yọ̀ǹda fún ní ọdún 2020. Kò sí ríbọ̀ tí ó lè sọ 124 di 200. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 kan náà, ọ̀nà àkànṣe fún bọ́ọ̀sì ńlá láti Oshòdì dé Abúlé Ẹ̀gbá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀; ẹ̀mí tí bọ́ọ̀sì gbà là kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kì í wọ inú àdúgbò, ìyá tí ó ní àpò gààrí sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ìparí

Ìtàn yìí fi hàn pé ọgbọ́n méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì onísílíńdà kan. Ọ̀kan ń béèrè pé: eré mélòó ni ó lè sá? Èkejì ń béèrè pé: ta ni yóò gùn ún, kí ni yóò rù, ọ̀nà wo ni yóò gbà, ta ni yóò sì tún un ṣe? Ọgbọ́n kìíní ní ìwé, ó ní àwòrán, ó ní àmì-ẹ̀yẹ ìràwọ̀ wúrà. Ọgbọ́n kejì ni Honda fi owó púpọ̀ wá kiri nígbà tí ó ń ṣe CG125. Ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀gá ìsọ̀ ojú ọ̀nà ń dáhùn lójoojúmọ́ láìsí ẹni tí ó bi wọ́n.

Bí ọmọdé ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ọ̀gá mẹkáníìkì ni àpótí tí ó kó písítínì tí ó ti lu àti ríìngì tí ó ti ṣẹ́ sí. Bí ó bá mú ọ̀kankan nínú wọn, yóò sọ ohun tí ó pa á àti ohun tí a ìbá ti ṣe. Àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ń darúgbó. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń dín kù bí òfin ti ń lé oníbàárà wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe àrùn ẹ́ńjìnnì ní èdè Yorùbá, bí wọ́n ti ń fi etí mọ̀ ọ́n, bí wọ́n ti ń wọn ohun tí kò ní ìwọ̀n, kò tíì sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbé ìwé àti kálàmù lọ sí ìsọ̀ kan ní Abúlé Ẹ̀gbá, tí ó jókòó lórí táyà àtijọ́, tí ó sì fi sùúrù bi ọ̀gá ní ìbéèrè, yóò ti ṣe iṣẹ́ ìtàn. Kí ó lọ ní kùtùkùtù, kí ìró pù-pù-pù tó dákẹ́.